Rissikatou Tó Ń Fi Orin Sí Flora Lẹ́nu

Ìdí igi kajú ni wọ́n ti bá Rissikatou lọ́sàn-án ọjọ́ tí Élodie dé. Oko ọkọ rẹ̀ wà lọ́nà Boni, kò jìnnà sí ìlú Ṣábẹ̀. Àkókò tí kajú ń já bọ́ ni, tí ẹ̀yìn àgbẹ̀ kì í sinmi. Ó ń yọ kóró kúrò lára èso, ó ń dà á sínú agbọ̀n, nígbà tó gbọ́ ìró mọ́tò. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, bàtà funfun ló wọ̀, eruku ti sọ ọ́ di pupa. Ó kúnlẹ̀, ó kí i ní èdè Ṣábẹ̀ tí ìlú òyìnbó ti bà lórí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Èmi ni Élodie, ọmọ Flora."

Rissikatou wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ìgbà tó rí ọmọ yìí gbẹ̀yìn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Àwọn ló ní kí n wá pè yín."

Kò sí ará Ṣábẹ̀ tó dàgbà tí kò mọ Flora. Ọmọ àgbẹ̀ ni, bíi ti gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un ní ohùn. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó kó àwọn onígítà jọ ní Kútọnu, ó ń fi èdè Ṣábẹ̀ kọ orin ijó ìgbàlódé, àwo rẹ̀ sì ń dún ní ilé ọtí àti ibùdókọ̀ láti Kútọnu dé Paraku. Rissikatou kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ó ń ta ọsàn ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó sì máa ń kọrin tó bá ń polówó. Flora gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ó ní kó tún un kọ. Kí oṣù yẹn tó parí, Rissikatou ti di elégbè lẹ́yìn Flora.

Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tó fi ṣe é. Wọ́n jọ lọ sí Lomé, wọ́n jọ lọ sí Abidjan, wọ́n jọ sùn sórí ẹní kan náà nígbà tí owó kò tó gba yàrá méjì. Lẹ́yìn náà, Flora ṣí lọ sí Paris. Rissikatou ti lóyún nígbà yẹn, ó ti fẹ́ Lassissi tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó sì jókòó sílé. Wọn kò jà. Wọ́n máa ń kí ara wọn lórí fóònù nígbà ọdún, títí tí ìyẹn náà fi ń wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Nísinsìnyí, Flora ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ní òun fẹ́ rìn káàkiri lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun kọ orin òun láti orí àkọ́kọ́ dé orí èyí tó kẹ́yìn, ní gbogbo ìlú tí wọ́n ti jó o rí. Élodie ló ń ṣètò ìrìn àjò náà. Ó ní ìyá òun kò fẹ́ lọ láìsí Rissikatou.

Ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé nílé. Kàmál, àkọ́bí Rissikatou, kò fara mọ́ ọn rárá. "Màmá, ẹ ti di ìyá àgbà. Ẹ fẹ́ lọ máa jó lójú àwọn òyìnbó? Kí ni àwọn ará mọ́ṣáláṣí máa sọ?"

Lassissi ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tán kó tó dáhùn. "Orin ló ń kọ nígbà tí mo rí i tí mo fi fẹ́ ẹ. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí kò bá mi tọrọ rẹ̀. Jẹ́ kó lọ."

Bí Rissikatou ṣe bá wọn lọ sí Kútọnu nìyẹn.

Wọ́n gba ilé kan tí wọ́n ti ń dánra wò. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ta gítà, kò sí èyí tí wọ́n ti bí nínú wọn nígbà tí àwo àkọ́kọ́ Flora jáde. Flora dìde láàárín wọn, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rissikatou.

"O ti sanra," ó ní.

"Ẹ̀yin náà ti rù, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, orin sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn Flora ti wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ́ gaara. Nígbà tó dé àárín orin kẹta, ó dákẹ́. Gítà ń lọ, ìlù ń lọ, Flora sì ń wo ògiri bí ẹni tó wọ yàrá tí kò rántí ohun tó wá mú. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé ó fẹ́ mí ni. Ẹnu Rissikatou ti là kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó fi ohùn ìsàlẹ̀ gbé e: "Òkè Ṣábẹ̀ kò ṣí nípò…"

Flora gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "…ẹni ó ràjò á bọ̀ wá bá a." Ó sì bá a lọ dé òpin, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò ó tẹ́lẹ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó ṣíwọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Élodie fa Rissikatou lọ sí ẹ̀yìnkùlé. "Dókítà ní nǹkan ń ṣe ọpọlọ wọn, Màmá. Wọ́n ń gbàgbé. A kọ ọ̀rọ̀ orin sójú ẹ̀rọ fún wọn, wọn kò lè máa kà á kí wọ́n sì máa kọrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo sọ fún yín."

Ó dun Rissikatou. "Torí èyí lẹ ṣe wá pè mí? Mo rò pé ohùn mi lẹ fẹ́."

Élodie dorí kodò. "Méjèèjì ni, Màmá."

Rissikatou fẹ́rẹ̀ẹ́ wá mọ́tò tó ń lọ sí Ṣábẹ̀. Ohun tó dá a dúró ni ojú tí Flora fi ń wo ògiri yẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé tọ̀ ọ́ níbi tó ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, kò sì fi ọ̀rọ̀ yí i po.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń gbàgbé orin."

Flora gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo mọ̀."

"Élodie ní kí n má sọ."

"Élodie rò pé òun ń bò mí láṣìírí. Èmi ni mo ní kó lọ pè ọ́. Ta ló tún kù tó mọ orin wọ̀nyẹn látinú wá? Ojú ló ń tì mí, Rissi. Ẹni tó gbàgbé ọ̀nà oko lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá pàdé. Olórin tó gbàgbé orin ara rẹ̀, ta ni yóò bi?"

"Èmi ni kí ẹ bi," Rissikatou ní.

Wọ́n fẹnu kò níbẹ̀. Rissikatou kò ní dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn elégbè yòókù mọ́. Ẹ̀gbẹ́ Flora ni yóò máa dúró, níbi tí ìyẹn ti lè rí ẹnu rẹ̀. Bí ẹsẹ orin kan bá fẹ́ wọlé, yóò ṣíwájú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, Flora yóò sì gbà á. Etí tí kò mọ̀ yóò rò pé ẹwà orin ni.

Lomé dára. Abidjan dára jù ú lọ. Àwọn tó ti darúgbó wá síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń kọ ọ́ tẹ̀ lé e, omi ń bọ́ lójú wọn. Rissikatou ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń ti inú àwọn ẹ̀rọ ńlá jáde, ó sì yà á lẹ́nu bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn. Láti ọdún wọ̀nyí wá, kò mọ̀ pé ó wu òun tó bẹ́ẹ̀. Ní Bruxelles, òtútù wọ orúnkún rẹ̀, ó ń fi òróró pa á láàárọ̀ kó tó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Ó máa ń pe Lassissi, Lassissi á sì máa sọ bí òjò ṣe rọ̀ lórí iṣu. Kò béèrè nípa orin. Rissikatou náà kò sọ fún un.

Paris ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ fún ọjọ́ méjì tí wọ́n fi sí i. Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n dé àárín ètò nígbà tí Flora tún bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ. Rissikatou gbé orin tó kàn sí i létí. Flora mi orí, ó sì sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ketekete: "Rárá o, a kò tíì kọ èyí." Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín wọn tán.

Ẹnì kan ti fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fídíò náà ti kárí ayé, ọ̀pọ̀ sì ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọtí ló pa Flora. Kàmál pè láti Ṣábẹ̀: "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n mutí yó?"

"Kò sí ọtí kankan níbẹ̀," Rissikatou ní, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Élodie ní kí wọ́n fagi lé ìyókù, kí oníkálùkù máa lọ sílé. Flora jókòó létí ibùsùn, ó ń wo ara rẹ̀ nínú fídíò yẹn. Nígbà tó wò ó tán, ó ní, "Kí wọ́n pè mí ní arúgbó, mo gbà. Kí wọ́n pè mí ní aláìsàn, mo gbà. N kò ní gba ọ̀mùtí."

Ní ọjọ́ kejì, kó tó kọ ohunkóhun, ó fa ọwọ́ Rissikatou síwájú. Èdè Faransé ló sọ. Ó ní wọ́n ti gbọ́ pé òun mutí, kì í ṣe ọtí, àìsàn ìgbàgbé ni. Ó ní, "Rissikatou lorúkọ èyí, Ṣábẹ̀ làwa méjèèjì ti wá. Òun ló ń fi orin sí mi lẹ́nu láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo bá kọ orin kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má bínú, owó ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ san."

Ọkùnrin kan pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbà á. Láti ìgbà tí Rissikatou ti ń kọrin, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ rẹ̀ sórí ìtàgé rí.

Látìgbà náà ni iṣẹ́ rọrùn. Ní Montréal, bí Flora bá gbàgbé, yóò kọjú sí i ní gbangba, yóò ní, "Rissi, kí ló kàn?" Àwọn èrò á sì ti máa pariwo ọ̀rọ̀ náà kí Rissikatou tó lanu. Ìgbà mìíràn, wọ́n á pè é gbòdì, èdè Ṣábẹ̀ á wá dà bí nǹkan mìíràn, Flora á rẹ́rìn-ín títí orin yóò fi kọjá.

Flora kò padà sí Paris mọ́ lẹ́yìn ìrìn àjò náà. Élodie tún ilé bàbá Flora ṣe fún un ní Ṣábẹ̀, lábẹ́ àwọn òkè, ó sì wá ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ohun tí Kàmál bẹ̀rù kò ṣẹlẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn ará mọ́ṣáláṣí sọ̀rọ̀, àwọn mìíràn ní kí Rissikatou wá kọrin níbi ìsọmọlórúkọ. Ó kọ̀ fún àwọn kan, ó lọ sí ti àwọn mìíràn. Kò sì ju iṣẹ́ oko sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, ó máa ń gun ọ̀kadà zẹ́mì lọ sọ́dọ̀ Flora. Ọjọ́ mìíràn Flora á mọ̀ ọ́n, ọjọ́ mìíràn á rò pé àbúrò òun tó ti kú ni. Ohun tó sábà máa ń béèrè ni ọjọ́ tí àwọn yóò lọ sí Lomé. Nígbà àkọ́kọ́, Rissikatou sọ fún un pé wọ́n ti lọ, wọ́n sì ti dé, inú Flora sì bàjẹ́ títí di àṣálẹ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dánra wò, ẹ̀gbọ́n," ló máa ń ní báyìí.

Flora á gbé ara rẹ̀ jókòó dáadáa, á fi ọwọ́ lu itan, Rissikatou á sì gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mìíràn wọ́n á kọ orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọjọ́ mìíràn, ẹyọ kan péré ni, wọ́n á sì máa tún un kọ títí oúnjẹ yóò fi dé.