Ọ̀gá Tó Ń Pín Omi Bí Oògùn

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró omi lórí ike, inú á tún bí mi sí ọ̀gá wa àtijọ́ ní ọgbà tí a ti ń gbin òdòdó sínú ike fún títà ní Thamesmead, ní London. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń pín oògùn tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń pín omi: gbogbo òdòdó, aago kan náà, ìwọ̀n kan náà.

Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, ó tún ṣí omi. Mo ní, “Uncle, ẹ fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ yìí, ó ti rin gbingbin.”

Ó ní, “Ṣé òjò ló gbà mí síṣẹ́?”

Nígbà tí gbòǹgbò àwọn òdòdó lafẹ́ńdà, tí kì í fẹ́ omi púpọ̀, jẹrà tán, ó gbé ike kan sókè, ó ní oòrùn ló pa wọ́n. Oòrùn wo? Omi ń kán látìdí ike náà sórí bàtà rẹ̀ bó ṣe ń sọ fún mi pé kí n lọ ṣí omi sí i.