Wọ́n Ní Kí N Pa Á, Mo Pa Á Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ro ẹjọ́ ara mi. Mo rò pé yóò ti tán lọ́kàn mi. Kò tán!

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́. A ní sáfà kan níbẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí à ń kó iṣẹ́ àwọn kọ́sítómà sí. Ọ̀gá mi, Bọ̀dá Kúnlé, gbà mí láyè láti ní dátábéèsì tèmi náà lórí rẹ̀. Kí ni mo kó sí i? Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi àgbà tó wà ní Ọ̀kà! Orúkọ ewé, orúkọ ẹyẹ, orin, àwàdà, gbogbo rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa. Mo ń tẹ̀ ẹ́ pamọ́ fún Ire, ọmọbìnrin mi, torí Yorùbá ilé ìwé ló pọ̀ lẹ́nu èmi.

Ó wá di pé a fẹ́ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà, tí àwọn dátábéèsì orí sáfà náà fi ń kó nǹkan pamọ́ sí tuntun. Ọ̀gá wà ní Ògbàgì, ibẹ̀ ni wọ́n ti pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣí fáìlì tí sáfà máa ń kà kó tó gbéra, kí n yí ìlà tó ń pe ẹ́ńjìnnì àtijọ́ padà. Lẹ́yìn náà, kí n pa ti àtijọ́ dáadáa kí n tó gbé tuntun wọlé.

Mo yí ìlà yẹn o, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àmọ́ "pa" yẹn! Lórí kọ̀ǹpútà, ṣebí "pa á rẹ́" la máa ń sọ? Mo pa fódà ẹ́ńjìnnì àtijọ́ rẹ́, tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Dáadáa!

Ẹ́ńjìnnì tuntun gbéra, inú rẹ̀ ṣófo. Ni ọ̀gá bá pariwo lórí fóònù, "Ìyá Ire! Mo ní kó o pa iná, ta ló ní kó o fọ́ gílóòbù?"

Iṣẹ́ àwọn kọ́sítómà ní ẹ̀dà níbòmíì. Tèmi kò ní.

Mo gbé Ire, ó di Ọ̀kà. Ìyá àgbà ti ń gbàgbé nǹkan báyìí. Eyín Ire ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, mo ní kí wọ́n kọ orin tí wọ́n máa ń kọ fún ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n wojú mi. "Ọmọ yìí, ṣebí mo ti kó gbogbo ẹ̀ fún ọ? Ìwọ ni kó o rán mi létí o jàre!"

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan sáfà, ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì bi ẹni tó rán yín pé "pa" wo ló ń wí. Ṣé irú èyí ti ṣe yín rí? Ẹ sọ tiyín. Tí ọmọ Ọ̀kà kan bá sì wà níbí tó mọ orin eyín yẹn, ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún Ire.