Ìdí Tí Wọ́n Fi Di Gbogbo Aṣọ Mi Lọ sí Òkè Hádà

Nínú gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàrántínà ní Jídà, èmi ni mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gun òkè Hádà nígbà òtútù, tí mo sì sun orí rẹ̀ mọ́jú. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ló pọ̀n mí dé ìdajì ọ̀nà, mo sunkún rin ìdajì tó kù, ọ̀bọ kan sì gba àkàrà ọwọ́ mi láìbá mi jà rárá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé omi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tí ẹ wà ní ọjọ́ orí yẹn, ẹ rọra fi mí rẹ́rìn-ín.

Òórùn kàfúrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ti ju kóòtù kan lé mi lórí níbi tí mo sùn sí, kóòtù dúdú tó nípọn bíi tìmùtìmù, tí wọ́n rà ní Haráàjì, ọjà àlòkù. Ta ló ń wọ kóòtù ní Jídà? Láàárín òtútù gan-an, fáànù la fi ń sùn. Nínú igun tí a fi ṣe ilé ìdáná, àkàrà ń hó nínú epo, ata ń ta sí wa nímú, ẹ̀rọ amúlétutù àwọn ará òkè wa sì ń kán omi sí ojú fèrèsé wa bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá mi yíjú sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọkọ mi, dìde wá jẹun."

Ibẹ̀ ni mo ti fura. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín kí àkàrà tó tà tán. Tí mo bá sì rò ó dáadáa, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ní ọ̀lẹ nínú ilé yẹn. Ọmọ tí irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ bá bá lójijì, kó yáa wá ibi sá sí.

Bàbá mi ní a ń lọ ṣeré lórí òkè ni. Wọ́n ní àwọn Lárúbáwá máa ń gun òkè tí òtútù bá dé, wọ́n ń pè é ní haykin, wọ́n á sun inú ilé olókùúta kan lókè, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì. "Àwa náà á ṣe é," bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wí. Bàbá mi tó ń fi ẹ̀yìn kó ẹrù láti àárọ̀ dé alẹ́, tí wọn kì í gun àtẹ̀gùn ilé wa láìdúró sinmi. Àwọn ni wọ́n fẹ́ gun òkè fún ìgbádùn.

Mo yọ́ lọ wo inú àpò. Gbogbo aṣọ mi ló wà níbẹ̀, títí dé jálàbíà Iléyá tí mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn tí kì í bá ṣe ọjọ́ ọdún. Aṣọ bàbá mi ò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá mi ló kọ́ mi pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Torí àwọn jawasáàtì ni wọ́n ṣe kọ́ mi, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá tó ń kó ẹni tí kò ní ìkáámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú. Wọn ò mọ̀ pé àwọn gan-an ni mo máa fi ojú alákàn ọ̀hún ṣọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ mọ bó ṣe rí. Ìwó ni bàbá àti ìyá mi ti wá ṣe úmúrà, wọn ò padà. Jídà ni wọ́n bí èmi sí, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tó gbà pé wọ́n bí mi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ̀ jawasáàtì ń wọ Kàrántínà bí ẹni ń wọ ilé àna, àwọn òbí sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn tó níwèé, àwọn ọmọ ọmọ àlàájì ayé àtijọ́ tó ti di ọmọ onílùú. Wọn kì í sọ fún ọmọ. Wọ́n á ní ó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n tàbí ó ń lọ ṣeré. Jámíù ọ̀rẹ́ mi lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ṣubáíkà ní Mẹ́kà, nítòsí Háráámù, mọ́sálásí ńlá yẹn. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ṣì ń kí i.

Nítorí náà, kí a tó jáde nílé ni mo ti mọ̀: wọ́n fẹ́ lọ fi mí sílẹ̀ lórí òkè. Mo sì ti pinnu pé mi ò ní gbà.

Ìyá mi kò tẹ̀lé wa dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fi àkàrà kún àpò kóòtù mi méjèèjì, wọ́n de bọ́tìnnì mi, wọ́n tú u, wọ́n tún un dè. Wọ́n ní, "Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé, kì í ṣe bí ẹran níta." Mo ní, "Táyíìbù." Wọ́n ní, "Yorùbá, jọ̀ọ́." Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Wọ́n ní àlùbọ́sà ló ń ta àwọn lójú nígbà tí a jáde, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà yẹn ò tíì bó.

A wọ ọkọ̀ àjùmọ̀wọ̀ lọ sí Mẹ́kà, a tún wọ òmíràn gba ọ̀nà Arafá. Nígbà tí a kọjá Abídíyà, níbi tí yunifásítì ńlá yẹn wà, bàbá mi fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ní, "Wò ó. Ibẹ̀ lo máa wọ̀." Ọkọ̀ wa ò dín eré kù. Ibi tí mo sún mọ́ yunifásítì jù láyé mi nìyẹn. Ilé ìwé girama tí mo wọ̀ lẹ́yìn náà, wọn ò lé mi. Èmi ni mo fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé wọn ò mọ̀ pé mo ti lọ.

Ní ìsàlẹ̀ òkè ni bàbá mi ti yọ ọgbọ́n wọn síta. Ọ̀nà ọ̀dà gun òkè náà dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá máa ń dúró níbẹ̀ béèrè ìwé. Ọ̀nà ràkúnmí ayé àtijọ́ tún wà, tí wọ́n fi òkúta tẹ́, ibẹ̀ ni àwọn onígbádùn ń gbà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìkáámà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ìyà. Bàbá mi dé fìlà onírun, wọ́n gbé gíláàsì dúdú wọ̀, wọ́n fa igi mọ́ọ̀pù méjì yọ nínú àpò, wọ́n fún mi ní ọ̀kan. "Tí wọ́n bá bi ọ́, haykin là ń ṣe. Rẹ́rìn-ín." Mo rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe báyẹn. Bí ẹni tó jẹun yó."

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, òkè yẹn dára. Òkúta pupa, koríko tó ń rùn bí ewé efinrin, afẹ́fẹ́ tó tutù wọ ihò imú bí omi kànga. Èmi tó jẹ́ pé òórùn epo ọkọ̀ àti ẹja ni imú mi mọ̀, mo rò pé nǹkan kan ń ṣe mí. Àwọn ọ̀bọ jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí àgbà àdúgbò. Baálé wọn, onírun funfun léjìká, rọra rìn wá bá mi, ó na ọwọ́, mo fún un ní àkàrà. Mi ò mọ̀ bóyá ó bẹ̀ mí ni àbí ó pàṣẹ. Bàbá mi ní, "Ìwọ ni mo mà fẹ́ fi ṣe ajá tó máa ṣọ́ wa lọ́nà." Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ mi kọ̀, tí wọ́n gbé mi pọ̀n.

Nígbà tí a fi máa dé òkè, ìkùukùu ti bo gbogbo ibẹ̀, eyín mi ń lu ara wọn. Ilé olókùúta náà kéré, páànù ló wà lórí rẹ̀, èéfín igi ń jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ àti àwọn ilé oyin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún olówó kan ni Àlàájì Sánúsí, bàbá àgbà tí wọ́n bí sí Mẹ́kà, tí ìyá wọn wá láti Ìsẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe rí wa, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, Àlàájì." Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta tútù yẹn. Mo tún fura. Bàbá mi kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí wọn ò bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan wà nínú ilé, akẹ́kọ̀ọ́ láti Abídíyà, wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, wọ́n ń se káwà oníjínjà, kọfí àwọn Lárúbáwá. Èmi ò rí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra òtútù rí, nítorí náà mo gbà pé jawasáàtì ni wọ́n, pé wọ́n kàn para dà ni. Ọ̀kan nínú wọn fi Lárúbáwá bi bàbá mi, "Ẹ ti ṣe haykin rí ni?"

"Lójoojúmọ́," bàbá mi wí.

"Níbo?"

"Kàrántínà."

"Òkè wà ní Kàrántínà?"

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí káwà fi dà nù. Mo kọ̀ láti mu èyí tó bù fún mi, mo ní wọ́n ti fi oògùn oorun sí i. Nígbà tí mo rí i pé àwọn náà ń mu ún, mo mu ti èmi, mo sì mu ti bàbá mi.

Lẹ́yìn náà ni Àlàájì Sánúsí bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo eyín mi. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Ísímì Gàníyù." Lárúbáwá ló bọ́ lẹ́nu mi.

"Yorùbá ni mo bá ọ sọ."

"Ẹ má bínú, sà," bàbá mi wí. "Ilé ìwé ló bà á lẹ́nu jẹ́."

"Kí ló wá kọ́ níbẹ̀? Ọmọ, méje lọ́nà mẹ́jọ?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú gan-an."

Wọ́n ní kí n lọ la igi. Ẹyọ àkọ́kọ́ là; ìkejì ló la èmi lójúgun. Wọ́n ní kí n gbé ìgò oyin wá láti ẹ̀yìn ilé. Ìgò dé, oyin ò pé. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí ni ẹ̀rù ń bà mí, torí mo rò pé mò ń ṣe dáadáa jù. Mo ní wọ́n ti fẹ́ràn mi báyìí, ó parí. Mi ò tilẹ̀ ronú pé mo lè mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é lódìlódì.

Nígbà tí a tẹ́ni tán, bàbá mi àti Àlàájì Sánúsí jáde lọ dúró síta. Èmi wà lábẹ́ kúbùsù tó ń rùn bí òbúkọ, mo na etí. "Ọmọ náà" ni mo gbọ́, mo tún gbọ́ "títí nǹkan á fi rọ̀." Ọ̀rọ̀ yòókù, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí bàbá mi wọlé tí wọ́n sùn, mo fa okùn ìborí kóòtù mi jáde, mo so ó mọ́ okùn ṣòkòtò wọn, mo ta á ní kókó lórí kókó. Mo ní tí wọ́n bá fẹ́ yọ́ lọ, wọ́n á fa èmi náà lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tí wọ́n dìde fún àdúrà àsùbáà, mo fi ìdí wọ́ tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ṣòkòtò wọn sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lójú jawasáàtì aláwọ̀ ọsàn méjì tó ti jí. Bàbá mi wo okùn náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n jókòó sórí òkúta níta nínú ìkùukùu, wọ́n fi ọwọ́ tó ti kú fún òtútù tú kókó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tú u tán. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n gbé àpò mi kọ́ èjìká, wọ́n ní, "Ó yá, ká máa lọ."

A sọ̀kalẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá wa rìn dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ wọn gbé wa dé Mẹ́kà, wọ́n ń pe bàbá mi ní ọ̀gá haykin. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé kankan. Nígbà tí a dé Kàrántínà, ìyá mi ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n wo bàbá mi, wọ́n wo àpò, wọ́n wá wò mí. "Ẹ ti dé?" bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Wọ́n fà mí mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí imú mi fi wọ inú ata, wọ́n sì gbá mi létí torí bọ́tìnnì kóòtù kan tó ti já.

Ní òtútù tó kọjá yìí, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi tún gun òkè náà. Mo ti ní ìkáámà, mò ń ta wáyà ṣájà àti ìbòrí fóònù ní Jídà, mo sì ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn tèmi. A sanwó ilé tí a sùn. Síbẹ̀, mo ka àpò gbogbo wa, mo sùn sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, mo sì ń wo ẹni tó ń bù káwà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn ní ìdí tó fi ń fura. Èmi ò ní, mo kàn ń ṣe é lọ bí ẹni tó ń san àsansílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń yangàn nínú ayé mi tí kò níwèé ẹ̀rí ni pé, lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́n ju àgbà méjì lọ.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi nígbà tí mo padà dé. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ń gbé báyìí, wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, mo mọ̀ láti ìgbà yẹn pé ẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àlàájì Sánúsí ni. Ọgbọ́n mi ló borí ọgbọ́n yín."

Wọn ò gbójú sókè.

"Mo fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀. Àlàájì ni wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọ."