Ìgò Ehoro Láàárín Ẹja Kòtè

Òórùn ṣọ́ọ̀bù ẹja mi ní Ọ̀fàtẹ̀dó ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn kí èmi fúnra mi tó kí i. Títúsì, kòtè, ṣawà, pánlá, gbogbo wọn á para pọ̀ mọ́ omi yìnyín tó ń sun lábẹ́ fìrísà, wọ́n á sì tẹ̀ lé aṣọ ẹni dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá lọ ṣọdún Àjíǹde nílé ní Iléṣà, àwọn ìyá ìjọ á sún fún mi lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á ní ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ kọ́, imú wọn ni wọ́n ń tọ́jú. Mi ò kàwé kọjá pírámárì, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ ju ọ̀mọ̀wé lọ, ọ̀rẹ́ mi: mo mọ òtútù.

Ìyẹn ló mú kí ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò kan wá bá mi. Yunifásítì ló wà nígbà náà, ó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, fìrísà yàrá ìwádìí wọn sì ti kú. Ìgò náà kò ju oríkèé ìka kan lọ. Omi inú rẹ̀ kò tó omijé opó tí kò fẹ́ràn ọkọ rẹ̀.

Mo ní, "Kí lèyí?"

"Àǹtí, ara ehoro ni wọ́n ti gbà á ní òkè òkun. Ẹ rí i, òṣìṣẹ́ kan wà nínú ara wa tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Ojú lásán ò lè rí i. Ohun inú ìgò yìí ló máa bá mi wá a rí nínú ẹ̀jẹ̀, bí ajá ọdẹ. Kò ní yà sọ́dọ̀ ẹran mìíràn."

"Ehoro ló wá di ajá ọdẹ? Ayé mà ti bàjẹ́ o!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fìrísà mú. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó yọ́. Bó bá yọ́ tó tún dì, ó ti kú nìyẹn. Òun nìkan ni mo ní." Ó ní bí iṣẹ́ náà bá yọrí, àwọn tó fi ránṣẹ́ á gbà á sọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún kó lọ gba oyè dókítà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń pè é ní Dókítà Ehoro. Mo wé ìgò náà sínú ọ̀rá, mo tẹ̀ ẹ́ bọ àárín kòtè.

Ó gba Iléṣà lọ, ó lọ gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó yọ̀ǹda. Ọjọ́ kejì ni tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàù. Jẹnẹrétọ̀ mi náà kọṣẹ́, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti jọ ṣèpàdé. Odindi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí iná dé, mo ṣe ohun tí púpọ̀ nínú àwa ẹlẹ́ja ń ṣe tí a kì í jẹ́wọ́: mo ṣan ẹja, mo tò ó padà, mo jẹ́ kó dì. Níbi tí mo ti ń ṣan án ni mo ti rí ìgò náà. Omi inú rẹ̀ ń mì síwá sẹ́yìn. Mo dá a padà sáàyè rẹ̀.

Nígbà tó dé, ó kọ́kọ́ bèèrè pé, "Iná ò lọ, Àǹtí?"

"Kó lọ síbo? Nínú fìrísà tèmi?" Ẹ̀rín ni mo fi bò ó. Ó yọ ìgò náà jáde, ó gan bí òkúta. Ọmọ náà kúnlẹ̀ dúpẹ́ lórí sìmẹ́ńtì tútù.

Ajá ọdẹ náà kò rí nǹkan kan. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ibi tó yẹ kó ti rí àmì ṣófo bí àwo ọjọ́ ààwẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì bá a wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn oníbàárà méjì dúró lẹ́yìn wọn, ọ̀rá lọ́wọ́, etí ní gbangba.

Ọ̀gá náà ní, "Ìyá, ṣé ohun tí ẹ bá wa tọ́jú yẹn ò yọ́ rí?"

Kí n tó la ẹnu, ọmọ náà ti dáhùn. "Ti Àǹtí mi kọ́, sà. Bó bá yọ́, wọ́n á sọ fún mi."

Mo wo àwọn oníbàárà. Mo wo ẹja mi. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o," mo sì tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá náà yíjú sí i. "A jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni kò mọ iṣẹ́ náà ṣe."

Kò rí òkè òkun náà lọ. Ìwàrà ló wà báyìí, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọdún Àjíǹde tó kọjá ni mo gbé ẹja lọ kí i, mo sì jẹ́wọ́ níbi tó ti ń ṣan án.

"Ọjọ́ mélòó ni, Àǹtí?"

"Mẹ́ta."

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn tó fi ìgò náà ránṣẹ́ ní bó bá jẹ́ pé ó yọ́ ni, àwọn á fi òmíràn ránṣẹ́. Èmi ni mo búra fún wọn pé kò yọ́." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣan ẹja tó ti mọ́. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé oúnjẹ fún mi. Èébú ì bá tù mí lára jù ú lọ.

Ẹja tó bá yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ á rì wọnú, ẹni tó gbọ́n á ti mọ̀. Omi inú ìgò yẹn kò lójú. Ẹnu mi nìkan ló ní tó lè bá a sọ pé ó ti yọ́ rí, mo sì fi rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, bí iná bá lọ pẹ́, mo máa ń sọ fún oníbàárà ní gbangba pé ẹja yìí ti yọ́ rí o. Wọ́n á ní, "Kò burú, Ìyá, díndín náà ni mo fẹ́ dín in." Wọ́n á gbé e, wọ́n á lọ. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́, kò tíì sí ẹyọ ẹnì kan tó sá.