Orúkọ Eachann Nínú Ìwé Ẹ̀bẹ̀

Effie MacAskill kì í ṣe ojo. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìtàn yìí tán kó wá máa fi obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú wa ni Effie ṣe wa ọkọ̀ wọlé láàárín ìjì lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́, tí àwọn ọkùnrin méjì tó wà nínú ọkọ̀ ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, ní Edinburgh, olú ìlú ilẹ̀ wa, níbi tó jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ará ìlú nílé aṣòfin, ẹ̀rù ń bà á débi pé ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpò ọwọ́ rẹ̀ mú.

Tormod, àbúrò ọkọ rẹ̀, jókòó tì í. Tormod ló ń di okùn ọkọ̀ èrò mọ́ èbúté ní erékùṣù wa, Sgarasaigh. Kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó sì ń lá súìtì lẹ́nu bí ọmọdé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ sọ níwájú àwọn èèyàn ńlá ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé àwọn aṣòfin náà ń jẹ ọ̀dùnkún, wọ́n sì ń sín bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń ba Effie lẹ́rù. Orúkọ kan ni, orúkọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. A ò pé igba èèyàn ní Sgarasaigh. Nọ́ọ̀sì kan ló ń gbé láàárín wa láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á wọkọ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní òdìkejì omi. Ìyẹn náà là ń fara dà tẹ́lẹ̀, kí àjọ tó ń mójú tó ìlera lágbègbè wa tó kọ̀wé pé bí ọdún tuntun bá ti wọlé, ọjọ́ méjì péré ni nọ́ọ̀sì yóò máa wá lọ́sẹ̀. Lásìkò náà, Seonaid, ọmọ kan ṣoṣo tí Effie bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára ṣáájú. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n dá ìkúnlẹ̀ rẹ̀ sí, ẹ sì mọ̀ bí oṣù kejì ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Òkun á ní ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá, kùrukùru á ní ẹ̀lìkópítà ò gbọdọ̀ bà. Effie fi ìka ka ọjọ́ márùn-ún nínú méje tí kò ní sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, oorun sì dá lójú rẹ̀.

Ó gbọ́ lórí rédíò pé ẹnikẹ́ni láàárín ìlú lè kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin. Ló bá kọ ọ́: kí nọ́ọ̀sì kan máa gbé ní erékùṣù bíi tiwa lọ́jọ́ méjèèje ọ̀sẹ̀. Ó wá gbé ìwé náà dání láti ilé dé ilé nínú òjò, nítorí lójú tirẹ̀, bí orúkọ bá ṣe pọ̀ tó ni etí àwọn aṣòfin á ṣe ṣí tó.

Nílé wa, ẹni tó bá wà nílé ló ń fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tó wà lórí omi. Bó ṣe wà láti ayé àwọn bàbá wa nìyẹn. Ìwé dé, ọkọ ń pẹja, ìyàwó á kọ orúkọ ọkọ. Bí ọkọ bá gúnlẹ̀, á wá fi àmì kékeré kan síwájú orúkọ náà. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ayédèrú. Bí Effie ṣe kọ orúkọ tirẹ̀ sókè pátápátá nìyẹn, tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró, tó kọ Eachann MacAskill sí abẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún.

Àmọ́ Eachann ò sí lórí omi. Eachann ti kú láti oṣù kẹta.

Effie kì í sọ bẹ́ẹ̀. “Láti ìgbà tí Eachann ò ti sí nílé” ló máa ń sọ. Bàtà òjò ọkùnrin náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń nù ún. Seonaid ti bá a fa ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan péré, kó sunkún, kí ara lè tù ú. Ńṣe ni Effie dìde, ó lọ ń bó ọ̀dùnkún.

Ó fi ìwé ránṣẹ́, kò sì rò ó mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ailsa. Wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀ náà wọlé. Kó wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ á bi í ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pinnu lójú rẹ̀ bóyá kí wọ́n tẹ̀ síwájú tàbí kí wọ́n pa ìwé náà dé. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kà á lọ, àfi bó ṣe dé ìsàlẹ̀ tó rí i níbẹ̀ pé gbogbo ohun tí èèyàn bá kọ àti ohun tó bá sọ níwájú ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ kejì yẹn ti sọ sí i lọ́kàn.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó rò ó pé ìwé àkọsílẹ̀ àwọn òkú wà ní Edinburgh, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á ní òpùrọ́ ni, wọ́n á da ẹ̀bẹ̀ náà nù. Nọ́ọ̀sì á lọ. Seonaid á rọbí lọ́jọ́ tí kò sẹ́nì kan, ẹ̀bi náà á sì wà lọ́rùn ìyá tó bí i. Ó gbé tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mẹrin láti pe Ailsa, ẹ̀rù ò jẹ́ kó tẹ nọ́ńbà náà tán. Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀ tí ẹ̀rù ń kọ́ni. Ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀ láti sọ, ikú Eachann ló fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, “ọjọ́ tí wọ́n mú Eachann lọ” ló pè é nínú ìwé. Ó ya ojú ìwé yẹn dànù. Ó ní bí òun ò bá dárúkọ òkú, kò sẹ́ni tó máa béèrè kí ni òkú ń wá nínú ìwé. Ohun tó kù fún un kò ju iye máìlì tó wà láàárín erékùṣù àti ilé ìwòsàn lọ, àti wákàtí tí ọkọ̀ èrò ń ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, wọ́n pe Effie àti Tormod wọlé. Ẹ̀bẹ̀ ọkùnrin kan ni wọ́n ṣì ń gbọ́ lọ́wọ́, lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan ní ìjọba ti dáhùn ọ̀rọ̀ náà lọ́dún tó kọjá, ẹnì kejì ní bẹ́ẹ̀ ni, alága béèrè bóyá gbogbo wọn gbà, wọ́n gbà, ó sì ní àwọn ti pa á dé. Ọkùnrin náà kó ìwé rẹ̀ jọ sínú ọ̀rá, ó jáde. Èèyàn kan ò fìyà jẹ ẹ́ o, wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Effie rí i bó ṣe yá tó.

Ó dé ìdí gbohùngbohùn. Iwájú alága gan-an ni ìwé orúkọ wà, ó dá a mọ̀ nípa àbàwọ́n tíì tó wà létí rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀. Máìlì yìí, wákàtí yìí, ó sì tán kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀, Ìyáàfin Rennie, fi pẹ̀lẹ́tù bi í:

“Ìyáàfin MacAskill, àjọ ìlera ń sọ pé kò tíì sí ẹni tó fara gbá a nítorí pé nọ́ọ̀sì ò sí nílé lópin ọ̀sẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹnì kan?”

Effie tẹjú mọ́ ìwé tó wà níwájú alága. Tormod yíjú sí i, ẹnu yà á, nítorí apá tirẹ̀ ni orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́jọ́ tó kú. Ó fẹ́ la ẹnu, Effie di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́ gidigidi.

Irọ́ tó máa gbà á là sì wà nílẹ̀, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Eachann MacAskill méje ló wà láàyè ní Sgarasaigh, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni nílé ò fi fura sí orúkọ náà. Orúkọ bàbá bàbá là ń sọ ọmọ, ìnagijẹ la fi ń dá wọn mọ̀: Eachann Pupa, Eachann Ìdí Afárá, Eachann Kò-Gbọ́, àti àwọn yòókù. Ó lè sọ bí ọkọ òun ṣe kú, kó sì ní Eachann Pupa ló ni orúkọ inú ìwé yẹn. Ta ló fẹ́ mọ̀ ní Edinburgh? Ó ti ń to irọ́ náà lọ́kàn nígbà tí ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wo aago, ó ní bí kò bá sí àpẹẹrẹ kankan, òun ò mọ ohun tí àwọn tún lè ṣe ju kí àwọn pa ìwé náà dé.

“Ẹ dákun, ẹ má tíì pa á dé,” ni Effie wí. “Mo mọ ẹnì kan. Ọkọ mi ni. Ọjọ́ Ìsinmi ni àyà dì í mú, nọ́ọ̀sì ò sí. Ẹ̀lìkópítà yí lókè orí wa lẹ́ẹ̀mẹta, à ń gbọ́ ọ, kùrukùru ò jẹ́ kó rílẹ̀. Ó kú lọ́wọ́ èmi àti àbúrò rẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ló wà lábẹ́ orúkọ mi nínú ìwé yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́, ó sì ti kú nígbà tí mo kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tì mí mọ́lé, ẹ tì mí mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú nọ́ọ̀sì lọ, ọmọ mi lóyún.”

Alága wo ìwé, ó wo Effie, ó wá kọjú sí Ailsa akọ̀wé, ó bi í bóyá ẹ̀bẹ̀ náà ṣì dúró. Effie di ẹ̀gbẹ́ àga mú.

“Ó dúró, alága,” ni Ailsa wí. “Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló tó láti mú ẹ̀bẹ̀ wá síbí. Tiwọn ló wà lókè.”

Ẹ ò rí i! Orúkọ kan ṣoṣo. Gbogbo òjò tó pa á láti ilé dé ilé, gbogbo ọjọ́ tó fi ebi sùn, ìwé tó ya dànù. Tormod mí kanlẹ̀, gbohùngbohùn sì gbé e.

Alága ò fi ṣeré o. Ó ní orúkọ òkú ò lè wà nínú ìwé ilé aṣòfin, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyáàfin Rennie ní òun ò fara mọ́ pípa ìwé yìí dé. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé sí àjọ ìlera kó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, kó má sì yí ohunkóhun padà títí ìgbìmọ̀ á fi gbọ́ tán; kí wọ́n kọ̀wé sí ìjọba náà; bí èsì bá dé, kí Effie fèsì sí i, kí wọ́n tún jókòó lé e lórí lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọkùnrin tó wo aago ló kọ́kọ́ ní òun gbà. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí nọ́ọ̀sì fún un. Ìwé ṣì wà ní ṣíṣí, ìyẹn nìkan ni, ẹ̀rù sì ṣì wà nínú rẹ̀.

Ailsa bá wọn jáde, ó tẹ́ ìwé náà sórí fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na bírò sí i. Effie wo orúkọ náà pẹ́. Gbogbo orúkọ tí àwọn ìyàwó kọ ló ti ní àmì kékeré níwájú, àwọn ọkọ ti gúnlẹ̀. Ti Eachann nìkan ni kò ní. Ó fa ìlà sí i, ìlà tó tọ́, ó sì dá bírò padà.

Ó wá pe Seonaid. Ìpè kan ò tíì dún tán tí ọmọ náà fi gbé e.

“Màmá, ṣé wọ́n ti pa á dé?”

“Wọn ò pa á dé. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀ ná, wọ́n á kọ̀wé.”

“Kí lẹ wá sọ fún wọn?”

Effie gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Àwọn èèyàn ń kọjá, Tormod bá a di àpò ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Mo sọ fún wọn pé bàbá ẹ ti kú,” ló wí, ó sì bú sẹ́kún.