Ọjọ́ Tí Àwọn Sójà Wá Bèèrè Láìbìrì Bàbá Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí àwọn sójà wá wá láìbìrì nílé wa ní ìlú Karu, lápá àríwá.

Olùkọ́ ni bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tó kún fún ìwé wà ní pálọ̀ wa, òun ni bàbá mi ń pè ní láìbìrì. Ó máa ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ẹ wá kàwé ní láìbìrì mi." Ẹnì kan gbọ́ ọ, ó sì lọ sọ fáwọn sójà pé bàbá mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣèpàdé ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀.

À ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ tí àwọn aládùúgbò ń ti ilẹ̀kùn wọn.

Ọ̀gá wọn, tó gbọ́ Yorùbá, bèèrè pé, "Láìbìrì yẹn dà?"

Bàbá mi nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù. "Òun nìyí, sà."

"Ò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ilé tí ẹ ti ń ṣèpàdé ni mò ń bèèrè!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé téèyàn kó jọ náà ń jẹ́ láìbìrì."

Wọn kò gbà. Wọ́n da àwọn ìwé náà sínú ọkọ̀, wọ́n sì ti bàbá mi lé wọn lórí. Màmá mi káwọ́ lérí.

Nígbà tí wọ́n dá bàbá mi sílẹ̀, ojú rẹ̀ wú, wọn kò sì dá ìwé kankan padà. Ó tún ń ra ìwé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ láìbìrì, ó máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà kó tó dáhùn.