Bóòtù Bàbá Ta-Ló-Ń-Wò-Mí

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn fèrèsé adìẹ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, àná ló kó débẹ̀.

Olóògbé Bàbá Ta-Ló-Ń-Wò-Mí ló fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa fọṣọ fún ìyàwó rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó. Omi àti ọṣẹ ti jẹ ìka rẹ̀ débi pé kò lè fún aṣọ mọ́ láìsunkún. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kì í finú tán ẹnikẹ́ni. Bí ẹyẹ bá bà lé òrùlé, á ní wọ́n rán an wá ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Ta-Ló-Ń-Wò-Mí. Kí ẹnikẹ́ni má baà jí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ó fọ́n iṣẹ́ ọ̀hún káàkiri. Ó ní kí wẹ́dà ṣe àgbá irin, ó parọ́ fún un pé ilé adìẹ ni. Ó ní kí káfíńtà ṣe ohun tí àgbá máa jókòó lé, ó ní bẹ́ẹ̀dì ìyá ìyàwó òun ni.

Ọjọ́ tí wọ́n tò wọ́n pọ̀, èrò kún ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n da omi sínú àgbá, omi gba ojú fèrèsé jáde, ó lé àwọn tó wà níwájú gun orí ògiri.

“Wẹ́dà! Ta ló ní kí o ṣe fèrèsé?”

“Bàbá, ooru ń mú. Ṣé kí adìẹ yín kú ni?”

Bàbá kọjú sí káfíńtà. “Ìwọ ńkọ́? Kí ni pátákó gíga yìí?”

“Ibi tí ìyá máa gbórí tì ni, sà.”

Ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ wà láàárín èrò. Ó bọ́ síwájú. “Àna mi, sọ òótọ́. Ṣé inú àgbá yẹn lo fẹ́ kí n máa sùn ni?”

Ẹlòmíràn ìbá jáwọ́. Òun lọ bá ọ̀gá ẹnjiníà kan ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fáànù. Ọ̀gá náà ní wọn kì í kọ́kọ́ ṣe ńlá: wọ́n á yà á sórí pépà, wọ́n á fi nǹkan yẹpẹrẹ ṣe kékeré rẹ̀, wọ́n á dán an wò títí yóò fi bàjẹ́, wọ́n á wá tún ibi tó bàjẹ́ ṣe.

“Ṣùgbọ́n kó tó di gbogbo ìyẹn, Bàbá, ta ló máa lò ó?”

Bàbá dìde fùú. “Kí lo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?” Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà jáde.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e délé. Ó jókòó ti ìyàwó nídìí báàfù, ó ń fojú wọn ọwọ́ rẹ̀ bíi télọ̀.

“Bàálé mi, kí lẹ ń wò?”

“Kò sí. Ibo ló ti ń dùn ọ́?”

“Ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yìn náà. Bíbẹ̀rẹ̀ yìí ló ń pa mí.”

“Ta ló ní kí o sọ ọ́ sókè?”

Agolo mílíìkì ló fi ṣe kékeré rẹ̀, fìlà ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ fọ̀ níbẹ̀. Fìlà wọlé ní fìlà, ó jáde ní okùn. Ó yí agolo náà po, ó ní ó dájú pé wọ́n rán an sí òun ni.

Ó ha eyín irin inú rẹ̀ tó ya fìlà náà títí ó fi dán bí èrìgì ọmọ tuntun. Ó dán an wò, ó bàjẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Nígbà tó wá ṣe ńlá, ó gbé e ga dé ìbàdí ìyàwó, kó má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́. Aṣọ funfun tó bá jáde nínú ẹ̀rọ yẹn, ẹni tó ni ín kì í dá a mọ̀. Wọ́n ń jà lé aṣọ ara wọn lórí!

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìyàwó rí inú rẹ̀.

“Dijú kí o tó yí ọwọ́ ẹ̀rọ.”

“Bàálé mi, ṣé aṣọ ni mò ń fọ̀ ni àbí àlá ni mò ń lá?”

“Ohun tí o ò bá rí, kò sẹ́ni tó lè fọgbọ́n gbà á lẹ́nu rẹ.”

Bí iṣẹ́ bá parí, á yọ bóòtù irin kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ, tó de ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́ àgbá, á gbé e pamọ́. Láìsí bóòtù yẹn, ẹ̀rọ ò ní yí. Ìyàwó ò mọ ibi tó ń gbé e sí. Ìrọ̀rí tó ń gún un létí ló ń bá a jà ní tirẹ̀.

“Òwú ayé ìsinsìnyí ni,” lọkọ á wí. “Ẹ̀tàn ló kún inú wọn.”

Ikú dé, kò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ká ló sọ fún un ni, ì bá ti bi í pé ta ló rán an.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aṣọ oníbàárà ga dé ojú fèrèsé, ẹ̀rọ dúró gbagidi. Ìyàwó padà sídìí báàfù, ìka tún wú. Wẹ́dà rọ bóòtù mìíràn, kò wọlé. Wọ́n bá tú gbogbo ilé. Wọ́n rí bóòtù kan nínú bàtà olóògbé, ariwo sọ. Kò bá a mu. Wọ́n rí òmíràn nínú rédíò. Kò bá a mu. Wọ́n tún rí ọ̀kan nínú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Wẹ́dà káwọ́ lérí.

“Màmá, ó fi ìwọ̀nyí dẹ olè ni. Àwa ló wá mú!”

Ó rẹ ìyàwó, ó lọ dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìrọ̀rí gún un létí. Inú bí i, ó fà á ya. Bóòtù jábọ́ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ti fi àjákù fìlà ọjọ́sí wé e, kó má baà gún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó fura sí ẹyẹ, tó fura sí agolo, abẹ́ orí obìnrin yìí ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ sí. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí àjákù fìlà fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bóòtù wọlé wọ́ọ́. Wẹ́dà na ọrùn.

“Màmá, ẹ ṣí i ká wo inú rẹ̀ wàyí. Bàbá ò kúkú sí ńlẹ̀ mọ́.”

Ìyàwó fi aṣọ bò ó. “Sún sẹ́yìn. Ta ló rán ọ?”

Ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un; ó dijú kó tó yí i.